Ìgbéléwọ̀n ewu ẹ̀yà àjèjì agbilẹ̀ ní ilẹ̀ ìṣàn odò Ọ̀sà Èkó

Ìgbéléwọ̀n ewu ẹ̀yà àjèjì agbilẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí tí a fi ń mọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ewéko, ẹranko tàbí kòkòrò tí kì í ṣe ti ibì kan dé ibẹ̀, kí ó fìdí múlẹ̀, kí ó tàn kálẹ̀, kí ó sì pa àwọn ẹ̀dá abínibí, iṣẹ́ ajé àti ìlera ènìyàn lára. Èsì rẹ̀ ni ìjọba, àwọn onímọ̀ àti àwọn ará àdúgbò fi ń pinnu irú àjèjì tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó wọlé, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tètè fà tu, àti èyí tí wọn yóò máa ṣàkóso títí lọ nítorí pé kò ṣeé lé jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ ìṣàn odò tí ó wà létíkun, nítorí pé ẹnu ọ̀nà méjì ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní: odò ń gbé àjèjì wá láti òkè, òkun àti ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé tiwọn wá láti ìsàlẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ní ilẹ̀ Yorùbá ni Ọ̀sà Èkó pẹ̀lú àwọn odò tí ó ń ṣàn sínú rẹ̀, níbi tí ewéko orí omi tí a ń pè ní gbéborùn ti ń da àwọn apẹja àti àwọn awakọ̀ ojú omi láàmú láti ọdún 1984.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Ẹ̀yà àjèjì ni ẹ̀dá tí ènìyàn gbé kúrò ní ibùgbé rẹ̀ àtilẹ̀wá lọ sí ibòmíràn, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀. Kì í ṣe gbogbo àjèjì ni ó ń ṣe ibi. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, síbẹ̀ wọn kò sá kúrò lóko lọ gba igbó mọ́ àwọn igi tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ́wọ́. Àjèjì di agbilẹ̀ nígbà tí ó bá ń bí sí i láìsí ìrànlọ́wọ́ ènìyàn, tí ó ń tàn dé ibi tí a kò gbé e dé, tí ìtànkálẹ̀ náà sì ń ṣe ìpalára.

Orúkọ yìí kì í ṣe ìwà àbímọ́ ẹ̀yà kan. Ó jẹ́ àpèjúwe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yà náà àti ibi tí ó dé. Gbéborùn kì í ṣe ọ̀ràn ńlá bẹ́ẹ̀ ní agbègbè odò Ámásónì tí ó ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé àwọn kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí a gbé e sọdá òkun, a fi àwọn ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀. Lójú omi ilẹ̀ Yorùbá, ojú oró àti òṣíbàtà ni ewéko tí àwọn àgbà ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́, débi pé a máa ń dárúkọ wọn nínú ìwúre. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìgbéléwọ̀n gbọ́dọ̀ lè ya irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò, nítorí pé láti òkèèrè, gbogbo ewéko tí ó léfòó lè jọ ara wọn.

Mark Williamson, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti àyíká ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, dábàá nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1996 pé nínú ẹ̀yà àjèjì mẹ́wàá tí a bá kó wọ ìlú, nǹkan bí ọ̀kan ni yóò bọ́ sínú ìgbẹ́. Nínú mẹ́wàá tí ó bọ́ sínú ìgbẹ́, nǹkan bí ọ̀kan ni yóò fìdí múlẹ̀. Nínú mẹ́wàá tí ó fìdí múlẹ̀, nǹkan bí ọ̀kan ni yóò di ìyọnu. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún ni. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé iye náà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ irú ẹ̀dá, pàápàá àwọn ẹranko. Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ náà kò yí padà: díẹ̀ ni ó ń ṣe ibi, kò sì sí àmì kan ṣoṣo tí a fi ń dá díẹ̀ náà mọ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Iṣẹ́ tí ìgbéléwọ̀n ń ṣe nìyẹn.

Bí ọ̀ràn náà ti tóbi tó lágbàáyé hàn nínú ìròyìn tí àjọ IPBES gbé jáde ní ọdún 2023. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà ti sọ, ẹ̀yà àjèjì tí ènìyàn ti gbé káàkiri ayé ju 37,000 lọ, àwọn tí ẹ̀rí wà pé wọ́n ń ṣe ìpalára nínú wọn ju 3,500 lọ, owó tí wọ́n sì ń ba ayé jẹ́ lọ́dọọdún ti kọjá bílíọ̀nù 423 dọ́là ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2019.

Ilẹ̀ ìṣàn odò Ọ̀sà Èkó

Ilẹ̀ ìṣàn odò ni gbogbo ilẹ̀ tí òjò tí ó rọ̀ sórí rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò tàbí ọ̀sà kan náà. Òjò tí ó rọ̀ ní agbègbè Ṣakí lè wọ Odò Ògùn, kí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, kí ó sì já sí Ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn láti ilẹ̀ Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì ń wọ Ọ̀sà Lẹ́kí, èyí tí omi rẹ̀ ń gba Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lọ bá Ọ̀sà Èkó. Ní ìwọ̀ oòrùn, Odò Yewa ń dé ojú omi Àgbádárìgì, ojú omi náà sì so mọ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀sà Èkó fúnra rẹ̀ gùn ju kìlómítà 50 lọ, ó sì ń tú sínú Òkun Àtìláńtíìkì ní ẹnu èbúté Èkó.

Ohun tí ó ń ṣàkóso ẹ̀mí gbogbo ẹ̀dá inú omi yìí ni iyọ̀. Nígbà òjò, omi odò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ti omi òkun sẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ ibi nínú Ọ̀sà Èkó sì ń di omi aláìníyọ̀ tàbí oníyọ̀ díẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò fà, omi òkun sì ń wọlé. Nítorí náà a lè pín ilẹ̀ ìṣàn odò yìí sí ọ̀nà mẹ́ta fún ìgbéléwọ̀n:

1. Apá òkè, níbi tí omi kò ti níyọ̀ yípo ọdún: àwọn odò Ògùn, Ọ̀ṣun àti Yewa, pẹ̀lú Ọ̀sà Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́.
2. Apá àárín, níbi tí omi ti ń yí padà láti àìníyọ̀ sí oníyọ̀ bí àkókò ọdún ti ń yí: èyí tí ó pọ̀ jù nínú Ọ̀sà Èkó.
3. Apá ẹnu òkun, níbi tí omi ti níyọ̀ gidi: agbègbè èbúté àti ẹnu ọ̀nà òkun.

Bí a bá fún ẹ̀yà kan ní ìwọ̀n ewu kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ yìí, ìwọ̀n náà yóò ṣì wá lọ́nà, nítorí pé ohun tí ó ń pa ẹ̀yà kan ní apá kẹta ni ó ń fún òmíràn ní ààyè láti gbilẹ̀.

Àwọn ọ̀nà tí àjèjì ń gbà wọlé

Ohun àkọ́kọ́ tí ìgbéléwọ̀n ń béèrè ni ọ̀nà, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yóò lè ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí ó ṣe pàtàkì fún Ọ̀sà Èkó pọ̀.

Omi inú ọkọ̀ òkun ni ọ̀kan. Ọkọ̀ tí kò bá ní ẹrù tó máa ń fa omi òkun sínú ikùn rẹ̀ kí ó lè dúró déédéé lórí ìgbì, ó sì ń tú omi náà dànù ní èbúté tí ó bá ti fẹ́ gbé ẹrù. Ẹyin ẹja, ọmọ akàn, ìṣáwùrú kékeré àti àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí máa ń bá omi náà rìn láti ìpẹ̀kun ayé kan dé èkejì. Àwọn mìíràn máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Èbúté Àpápá àti Tin Can, àti èbúté Lẹ́kí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, jẹ́ ibi tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ lè sọ̀ sí.

Òwò òdòdó àti ẹja ọ̀sìn ni òmíràn. Ẹwà òdòdó aláwọ̀ àlùkò ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbé gbéborùn káàkiri ayé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹja àti edé tí ó bọ́ nínú adágún ọ̀sìn nígbà àkúnya omi wà lára ọ̀nà yìí pẹ̀lú. Ọ̀nà mìíràn ni irúgbìn tí kò mọ́, tí èso igbó dà pọ̀ mọ́. Ọ̀nà ìkẹyìn ni ojú omi fúnra rẹ̀, tí kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè: ohun tí ó wà ní Àjàṣẹ́ lónìí lè wà ní Àgbádárìgì lọ́la.

Àwọn ìpele ìgbéléwọ̀n

Ìgbéléwọ̀n tí ó pé máa ń tẹ̀ lé ìpele mẹ́fà.

1. Pípààlà ibi tí a ń yẹ̀ wò. Ilẹ̀ ìṣàn odò ni ààlà tí ó bá ọgbọ́n mu, kì í ṣe ààlà ìpínlẹ̀.
2. Wíwọlé. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí ẹ̀yà náà lè gbà dé? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó lè dé lọ́dún, mélòó ni yóò sì máa dé lẹ́ẹ̀kan? Àjèjì tí ó ń dé léraléra ní ọ̀pọ̀ ní àǹfààní ju èyí tí ó dé lẹ́ẹ̀kan lọ.
3. Fífìdí múlẹ̀. Ǹjẹ́ ooru, iyọ̀, oúnjẹ àti ìjìnlẹ̀ omi bá a lára mu? Ǹjẹ́ ọ̀tá rẹ̀ wà níbẹ̀?
4. Títàn kálẹ̀. Báwo ni ó ti ń yára bí sí i tó, kí ni ó sì ń gbé e kiri?
5. Ipa. Kí ni yóò bàjẹ́, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀? Ìpele yìí gbọ́dọ̀ ka ẹ̀dá abínibí, owó tí ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀, ìrìnnà, omi mímu àti àìsàn.
6. Ìṣeéṣe àkóso. Ǹjẹ́ a lè dí ọ̀nà rẹ̀, fà á tu, tàbí dín in kù, èló ni yóò sì náni?

Ìwọ̀n ewu ń ti inú àpapọ̀ ìpele kejì sí ìkarùn-ún wá. Bí ọ̀kan nínú ìpele kejì, kẹta àti kẹrin bá jẹ́ òdo, ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, bí ó ti wù kí ipa rẹ̀ burú tó níbòmíràn. Ìpele kẹfà kì í ṣe apá kan ewu, ṣùgbọ́n òun ni ó ń sọ ibi tí ó yẹ kí owó lọ: ewu ńlá tí ó rọrùn láti dènà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mójú tó.

Àwọn irinṣẹ́

Àwọn onímọ̀ ti ṣe àkójọ ìbéèrè tí ó ń jẹ́ kí ẹni méjì tí ó ń yẹ ẹ̀yà kan wò lè fi èsì wọn wéra. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù fún ewéko ni èyí tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ìbéèrè 49 ni ó ní, nípa ìtàn ẹ̀yà náà, ojú ọjọ́ tí ó bá a mu àti ọ̀nà tí ó fi ń bímọ. Ewéko tí àmì rẹ̀ bá kọjá 6 ni a óò kọ̀, èyí tí kò bá tó 1 ni a óò gbà, èyí tí ó bá wà láàárín ni a óò tún yẹ̀ wò. Láti inú rẹ̀ ni a ti ṣe àwọn irinṣẹ́ fún ẹja, àti AS-ISK fún gbogbo ẹ̀dá inú omi. Ìbéèrè 55 ni AS-ISK ní, mẹ́fà tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì dá lé ìyípadà ojú ọjọ́. Lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ń dáhùn gbọ́dọ̀ kọ bí ó ti dá a lójú tó.

Àjọ IUCN ní ètò tirẹ̀, EICAT, tí ó ń pín àjèjì sí ìpele márùn-ún nípa bí ipa rẹ̀ lórí ẹ̀dá abínibí ti wúwo tó, láti èyí tí ipa rẹ̀ kò tó nǹkan títí dé èyí tí ó pa ẹ̀yà abínibí run pátápátá níbì kan láìṣeé tún ṣe. Irinṣẹ́ wọ̀nyí kò ṣe ìpinnu fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń mú kí ìdí tí a fi ṣe ìpinnu hàn kedere.

Àpẹẹrẹ: gbéborùn

Gbéborùn, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń jẹ́ Eichhornia crassipes tẹ́lẹ̀ kí ó tó di Pontederia crassipes, ni ewéko tí ó ń léfòó lójú omi, tí igi ewé rẹ̀ wú, tí atẹ́gùn sì kún inú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún un túmọ̀ sí olófòófó, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Àwọn Ígálà fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ikú ìyá àti ọmọ. Orúkọ méjèèjì fi hàn pé àwọn tí ó ń gbé létí omi ti ṣe ìgbéléwọ̀n tiwọn kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 ni a ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ojú omi Àgbádárìgì, níbi tí ó gbà láti ojú omi Àjàṣẹ́ wọ Nàìjíríà. Bí a bá fi ìpele òkè yìí wò ó, wíwọlé rẹ̀ kò ṣeé dí láìsí àjọṣe pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé omi ni ó gbé e. Ní ti fífìdí múlẹ̀, kò lè pẹ́ nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi gíráàmù 6 sí 8 nínú lítà kan. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35. Nítorí náà ewu rẹ̀ ga ní apá òkè yípo ọdún, ó ga ní apá àárín nígbà òjò, ó sì kéré ní ẹnu òkun.

Èyí ni ó ń ṣàlàyé ohun tí àwọn ará Èkó ń rí lọ́dọọdún. Àkúnya omi ń já gbéborùn láti apá òkè, ó ń gbé e wá sójú ọ̀sà, ọ̀nà ọkọ̀ ń dí, àwọ̀n apẹja ń ya. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú omi iyọ̀ wọlé, ó ń kú, ó ń rà, ìrà rẹ̀ sì ń lo atẹ́gùn ọ́síjìn tí ẹja ń mí. Ẹni tí ó bá wo Ọ̀sà Èkó nìkan ní oṣù Kejì ọdún lè rò pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lókè odò kò kú, èso rẹ̀ sì lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hù. Ikú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kì í ṣe òpin rẹ̀.

Ní ti ìtànkálẹ̀, níbi tí ooru àti oúnjẹ bá ti tó, gbéborùn lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí a bá mú ọ̀sẹ̀ méjì, hẹ́kítà kan yóò di hẹ́kítà 16 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, yóò sì di 64 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá bí ààyè bá gbà á. Iye tí ó ń náni láti kó o kúrò ń pọ̀ bákan náà. Omi ìdọ̀tí tí ó ń ṣàn láti inú ìlú sínú ọ̀sà, tí ó kún fún náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, dà bí ajílẹ̀ fún un. Nítorí náà ìmọ́tótó ìlú jẹ́ apá kan àkóso rẹ̀.

Ní ti ipa, ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù wá láti gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ní ojú omi tí ó so mọ́ ti Àgbádárìgì. Ìwádìí tí Hugo De Groote àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 ṣírò pé nígbà tí gbéborùn pọ̀ jù, ó dín owó tí ń wọlé fún nǹkan bí 200,000 ènìyàn kù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún, ìyẹn nǹkan bíi dọ́là 420 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹja pípa ni ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin ti pàdánù; àwọn obìnrin pàdánù nínú òwò oúnjẹ àti ẹja tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sọ́jà. Ewéko tí ó bo omi tún máa ń fún ẹ̀fọn àti ìgbín tí ó ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá ní ibùgbé.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn

Ọ̀pẹ nípà (Nypa fruticans) jẹ́ ti etíkun Éṣíà, níbi tí wọ́n ti ń fi imọ̀ rẹ̀ bo ilé. Wọ́n gbé e láti ọgbà ewéko Síngápọ̀ wá sí Kàlàbá ní ọdún 1906, wọ́n sì gbìn ín sí Oron ní ọdún 1912, kí ó lè dá ìyẹ̀rẹ̀ etíkun dúró. Ó wá gba ààyè lọ́wọ́ igi mángróòfù ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè náà àti ní Niger Delta. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù ni ó fẹ́, èso rẹ̀ sì ń léfòó bá ìgbì lọ. Fún Ọ̀sà Èkó, ìdájọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbéborùn: apá àárín ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìyípadà iyọ̀ kì í sì í pa á.

Ewé Akíntọ́lá (Chromolaena odorata), tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937 pẹ̀lú irúgbìn igi gẹ̀mẹ́línà tí wọ́n kó wá láti Síríláńkà. Kò sí ẹni tí ó gbìn ín, ṣùgbọ́n lónìí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ní oko tí a fi sílẹ̀ àti ní bèbè odò jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ènìyàn ń fi omi ewé rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú ọgbẹ́. Ó jẹ́ àpẹẹrẹ àjèjì tí kò ṣeé lé mọ́, tí ìpele kẹfà sì fi hàn pé àkóso lórí oko nìkan ni ó kù.

Edé onílà (Penaeus monodon), tí ó tóbi ju edé abínibí lọ, jẹ́ ti Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n àwọn apẹja ti ń pa á ní etíkun Nàìjíríà. Nínú òkun ni ó ń yé ẹyin sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà nínú omi oníyọ̀ díẹ̀ bíi ti ọ̀sà. Owó gidi ni ó ń mú wá lọ́jà, ó sì lè bá edé abínibí du oúnjẹ àti ibùgbé. Irú ẹ̀yà yìí ni ó nira jù láti gbé léwọ̀n, nítorí pé ẹni tí ó ń jèrè rẹ̀ àti ẹni tí yóò pàdánù lè jẹ́ apẹja kan náà.

Ewu tí ó wà nínú àkóso

Ohun tí a fi ń bá àjèjì jà gbọ́dọ̀ gba ìgbéléwọ̀n bíi ti àjèjì náà. Oògùn apaewéko ń tètè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń wọ omi tí àwọn kan ń mu tí wọ́n sì ń pẹja nínú rẹ̀, ewéko tí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà sì lè gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹja. Fífi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kó o dára fún ẹnu èbúté àti ọ̀nà ọkọ̀, àmọ́ a óò máa tún un ṣe ni.

Ọ̀nà kẹta ni kí a mú ọ̀tá ewéko náà wá láti ilé rẹ̀. Kòkòrò onímú gígùn méjì, Neochetina eichhorniae àti Neochetina bruchi, ń jẹ gbéborùn. Nítorí pé àjèjì ni àwọn náà, àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dán wọn wò lórí ọ̀pọ̀ ewéko mìíràn láti rí i dájú pé wọn kò ní jẹ irè oko. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń tú wọn sójú omi gúúsù Bẹ̀nẹ̀, nínú iṣẹ́ tí IITA, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, kópa nínú rẹ̀. Ìwádìí ọdún 2003 ṣírò pé iṣẹ́ náà dá mílíọ̀nù 30.5 dọ́là padà fún àwọn ará ibẹ̀ lọ́dún, pé gbogbo owó tí a ná jẹ́ mílíọ̀nù 2.09, àti pé èrè jẹ́ 124 sí 1. Kòkòrò náà lọ́ra: ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń gbà kí iṣẹ́ wọn tó hàn, wọn kì í sì í pa gbogbo rẹ̀ tán.

Àwọn kan ń fi gbéborùn ṣe ohun títà. Achenyo Idachaba dá ilé-iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀, níbi tí a ti ń hun igi rẹ̀ gbígbẹ di apẹ̀rẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Irú iṣẹ́ yìí ń mú owó wọlé fún àwọn tí ewéko náà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ ìgbéléwọ̀n ń béèrè ìbéèrè kan sí i: bí ohun tí a fẹ́ dín kù bá di ọjà, ǹjẹ́ ẹnì kan kò ní gbìn ín sí omi tí kò tíì dé?

Àìdánilójú àti àríyànjiyàn

Àṣìṣe méjì ni ìgbéléwọ̀n lè ṣe. Ó lè pe ẹ̀yà tí kò ní ṣe nǹkan ní ewu, kí a sì pàdánù ohun tí ì bá ṣe wá láǹfààní. Ó sì lè pe ẹ̀yà búburú ní aláìléwu. Àṣìṣe méjèèjì kò wọn ìwọ̀n kan náà: àkọ́kọ́ ṣeé tún ṣe, èkejì kì í sábà ṣeé tún ṣe. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé níbi tí ẹ̀rí kò bá tó, ìṣọ́ra ni ó yẹ.

Àkókò pẹ̀lú ń tan ènìyàn jẹ. Àjèjì lè wà níbì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nígbà tí àyíká bá yí padà. Ìdídò odò, gbígbẹ́ ẹnu òkun jìn sí i àti gígasókè omi òkun lè yí iyọ̀ inú ọ̀sà padà. Bí iyọ̀ bá wọ inú sí i, ààyè gbéborùn lè dín kù ní apá àárín, kí ti nípà àti ti àwọn ẹ̀dá inú omi ọkọ̀ sì pọ̀ sí i. Ìgbéléwọ̀n tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan kò tó fún ayérayé.

Òfin àti àjọṣe

Àdéhùn àgbáyé lórí omi inú ọkọ̀ òkun, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2004, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó pàṣẹ pé kí ọkọ̀ pààrọ̀ omi náà lójú agbami tàbí kí ó fọ̀ ọ́ mọ́ kí ó tó tú u dànù. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ gba àdéhùn náà wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ní Montreal, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn lórí onírúurú ẹ̀dá fi ẹnu kò pé kí iye àjèjì agbilẹ̀ tí ó ń wọlé tí ó sì ń fìdí múlẹ̀ dín kù ní ìdajì, ó kéré tán, nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2030.

Ní Nàìjíríà, àjọ tí ó ń yẹ ewéko, ẹranko àti irè oko wò ní ẹnu ibodè, NAQS, ni ó ní ojúṣe láti dí ọ̀nà irúgbìn àti ẹranko tí kò mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnu ibodè lójú omi tí ó so Àjàṣẹ́ mọ́ Àgbádárìgì. Níbẹ̀, apẹja tí ó rí ewéko tí kò mọ̀ rí nínú àwọ̀n rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí i. Ìdí nìyí tí àwọn ètò ìṣọ́ tí ó dára fi máa ń kọ́ àwọn apẹja, awakọ̀ ojú omi àti àwọn tí ó ń ta ẹja ní irú ọjà Ẹ̀pẹ́ bí wọn yóò ti dá àjèjì mọ̀ àti ẹni tí wọn yóò sọ fún. Ọ̀sẹ̀ tí a bá jèrè nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí àjèjì ṣì wà ní hẹ́kítà kan, ni ó ń pinnu bóyá yóò ṣeé fà tu tàbí yóò di ti ibẹ̀ títí lọ.